Káàdì Méjì, Ìbéèrè Kan Lọ́sẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nìyí tí Ọládipúpọ̀ ti ń bi Joel, ọmọ rẹ̀, léèrè pé nínú káàdì kọ̀ǹpútà méjì kan, èwo ni kí òun rà. Bẹ́ẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ọmọ náà ti dá a lóhùn. Ẹ má rò pé baba ti ń ṣarán o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ojú rẹ̀ ṣì mú, orí rẹ̀ sì pé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá ìjọba kaúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní Upper Marlboro, tó ń wọ ilé onílé láti yẹ iná mànàmáná ibẹ̀ wò kí wọ́n tó gba èèyàn láyè láti kó wọlé. Bí wáyà kan bá fi ìbú ìka kan yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, yóò rí i, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé, onílé ì báà sunkún ẹ̀jẹ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án láti mọ káàdì tó dára. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ tó bá yan ọ̀kan, Joel kò ní pè é mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí.

Nínú ilé yìí, ìyàwó ló ni ìpè fóònù. Ó di ọdún mẹ́jọ tí Joel ti fi ilé wọn ní Laurel sílẹ̀ lọ sí Seattle, ní ìkángun Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló sì máa ń pe Èyíwùnmí, ìyá rẹ̀. Ìyá á bi í pé kí ló jẹ lónìí, ṣé ó ti ra kóòtù òtútù, ta ni ọmọbìnrin tó dúró tì í nínú fọ́tò. Wákàtí kan á lọ bí eré. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Èyíwùnmí á na fóònù sí ọkọ rẹ̀, á ní, "Joel, kí Dádì ẹ." Ọládipúpọ̀ á dìde, nítorí ìdúró ló máa ń wà bó bá ń gba fóònù, á ní, "Joel, báwo ni? Iṣẹ́ ńkọ́? Ó dáa. Máa gbàdúrà o. Jẹ́ kí n fún mọ́mì ẹ." Ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà ní Ọ̀yọ́ nìyẹn: ọmọ ló ń kí baba, baba kì í wá ọmọ kiri láti kí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ nọ́ńbà Joel fúnra rẹ̀ rí, ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tí Èyíwùnmí kú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Joel pè. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ní ara le, wọ́n ní ọpẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tán. Ni ẹnu Ọládipúpọ̀ bá sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára: "Ó dáa, jẹ́ kí n fún mọ́mì ẹ." Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún. "I have to go, Daddy," ni Joel wí, ó sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́: "Happy Sunday sir." Bí ọdún méjì ṣe lọ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Àwọn tó máa ń wá jẹ ìrẹsì Èyíwùnmí lẹ́yìn ìsìn ṣì ń kí ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ara," kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọládipúpọ̀ á se oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta pa pọ̀, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró nídìí sítóòfù. Iṣu wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba ọ̀nà Route 1 lọ títí dé Langley Park láti ra ẹyọ kan, nítorí pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá ń bá ọmọ wọn wí lédè tí kò gbọ́, ẹnì kan á sì ṣèèṣì fi apá gbá a, á ní kó má bínú. Bó bá délé, yóò bọ́ bàtà, yóò sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní káàbọ̀. Ó ń dá wà, ó sì ń dùn ún. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí.

Kọ̀ǹpútà tó fa ọ̀rọ̀ káàdì yìí wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Joel ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó tó kúrò nílé. Fọlákẹ́, àbúrò Èyíwùnmí, ló mú fídíò ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún baba. Kámẹ́rà ńlá ni wọ́n fi yà á, fídíò náà sì wúwo kọjá ohun tí fóònù lè ṣí. Bí Ọládipúpọ̀ bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, Èyíwùnmí á jáde, á rẹ́rìn-ín, á gbé ọ̀bẹ sókè láti gé kéèkì, àwòrán á sì dì gbagidi. Ìṣẹ́jú méjì péré. Bó bá tún un ṣí, ibẹ̀ náà ni yóò dì sí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni fídíò ọ̀hún. Ìṣẹ́jú méje ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí kò lè rí.

Ló bá kọ̀wé sí Joel lórí fóònù. Joel pè é lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Òyìnbó ni Joel máa ń bá baba rẹ̀ sọ. Èmi ni mo ń bá yín yí i sí Yorùbá.

"Káàdì tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó, Dádì. Òmíràn lẹ máa rà. Méjì ló wà tí mo lè tọ́ka sí. Èyí tó kéré ní ìrántí gígábáìtì mẹ́jọ, iná tó ń jẹ sì jẹ́ wọ́ọ̀tì márùndínlọ́gọ́fà. Èyí tó tóbi ní gígábáìtì méjìlá, igba wọ́ọ̀tì ló ń jẹ, fáànù mẹ́ta ló sì ní. Nínú géèmù tí kékeré bá ti ya ọgọ́ta àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ńlá á ya àádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n fún fídíò tiyín, èyíkéyìí á ṣe é."

Ibi tó yẹ kọ́rọ̀ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọládipúpọ̀ bèèrè pé kí ni káàdì fẹ́ fi ìrántí ṣe, ohùn Joel sì yí padà. Ó wá dà bí ohùn tó máa ń dún nínú fóònù Èyíwùnmí.

"Ẹ wo kíṣìnì Mọ́mì," ni Joel wí. "Ìrántí ni tábìlì. Bó bá fẹ̀, nǹkan púpọ̀ á gbà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyára ni ọwọ́ Mọ́mì. Tábìlì lè fẹ̀ kí ọwọ́ alásè máà yá. Ọwọ́ sì lè yá kí tábìlì há débi pé wọ́n á máa gbé ìkòkò sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Baba rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n parí, Ọládipúpọ̀ wo aago fóònù: ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Jẹ́ kí n lọ rò ó," ló ti sọ kó tó gbé fóònù sílẹ̀. "Pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ra ìwé kékeré kan, ó fa ìlà sáàárín ojú ewé, ó kọ KÉKERÉ sí apá òsì, ó kọ ŃLÁ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìwé ló to àwọn ìbéèrè sí, ọ̀kan fún ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, títí dé ọdún Kérésì. Bí ìbéèrè kejì bá fẹ́ yọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò gé ètè jẹ, yóò pa á mọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Baba yìí ti dé ibi tó ń lọ, ó ṣì jókòó síta, ó ń bi èèyàn lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló dùn jù. Ó bèèrè bóyá páwà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà náà lè gbé káàdì ńlá. Joel ní wọ́ọ̀tì irínwó ó lé àádọ́ta ni páwà náà, pé ó yẹ kó gbé e. Ni Ọládipúpọ̀ bá ní, "Yẹ kó gbé e kọ́. A kì í di ẹrù lé iná kọjá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bó bá máa pẹ́ lórí ẹ̀. Irínwó ó lé àádọ́ta, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta ni kó o kà á sí. Yọ igba ti káàdì kúrò, yọ ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yọ ti àwọn ìyókù. Ó gbà á, ó tún ṣẹ́ kù."

"Dádì, ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ń ṣe nìyẹn? Mi ò mọ̀ rí. Mo rò pé ẹ kàn ń buwọ́ lu ìwé ni."

Gbogbo ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni baba fi ń súfèé orin ìsìn nínú mọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó bèèrè nípa ariwo fáànù. Joel ní kó má fòyà bí fáànù kò bá yí nígbà tó bá kọ́kọ́ tàn án, pé ó dìgbà tí ara káàdì bá gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bèèrè iye àwòrán tí ojú èèyàn lè kà. Ó mú téèpù, ó wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà, ó fi ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje jiyàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lórí ìdajì íǹṣì kan. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, ìkeje ló ń retí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Fọlákẹ́ gbé ọbẹ̀ wá. Obìnrin tí kì í fi nǹkan falẹ̀ ni Fọlákẹ́. Ó rí ìwé náà lórí tábìlì.

"Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, kí ni gbogbo èyí? Kékeré, ńlá, wọ́ọ̀tì. Ṣé ẹ tún fẹ́ padà síbi iṣẹ́ ni?"

"Káàdì kọ̀ǹpútà ni. Mo ń wo èyí tí mo máa rà. Torí fídíò Mọ́mì Joel yẹn."

"Láti ìgbà wo?"

Ọládipúpọ̀ ní ó ti ń lọ sí oṣù méjì. Kò sọ ìyókù. Báwo ni àgbàlagbà ṣe máa ṣí ẹnu sọ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ pé ọgbọ́n lòun ń dá kí ọmọ òun lè máa bá òun sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, Fọlákẹ́ padà wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan àti àpótí kan. Káàdì ńlá ló rà. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ gbà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣe jù báyìí lọ fún yín. Ẹ má ronú mọ́."

A kì í sọ fún ẹni tó kúnlẹ̀ fúnni lẹ́bùn pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Ọládipúpọ̀ gba àpótí, ó gbé ọwọ́ lé Fọlákẹ́ lórí, ó gbàdúrà fún un, fún ọkọ rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà náà gùn, nítorí kò mọ ojú tí òun máa ṣe bó bá parí. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó gbé káàdì náà pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn aṣọ Èyíwùnmí tí kò tíì lè kó jáde. Ìpinnu rẹ̀ ni pé òun á máa bá ìbéèrè òun lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Kò mọ̀ pé Fọlákẹ́ ti ní kí ọmọ òun ya fọ́tò ìkúnlẹ̀ náà, ó sì ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbogbo ẹbí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbà tí Joel máa ń pè, fóònù dún ẹ̀ẹ̀kan péré. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Joel ní òun ti rí fọ́tò, pé Àǹtí Fọlákẹ́ gbìyànjú, pé káàdì tó dára ni. Ó fi ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́ta parí rẹ̀: "You're all set."

Ọládipúpọ̀ kà á ní ìdúró. Ó tún un kà. Ọmọ náà kò bínú, kò sì sí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ ti tán. Ìbéèrè méje ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìwé, kò sì rí ẹni tó máa bi. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Ó rò ó pé kí òun kọ̀wé padà pé káàdì náà kò ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti kọ irọ́. Ó pa á rẹ́, ó kọ "Thank you. God bless" dípò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fóònù kò dún rárá. Ó gbé e síbi tó ti lè rí i títí aago mẹ́ta fi kọjá, títí aago mẹ́ta ààbọ̀ fi lù. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó dìde, ó gbé káàdì jáde láti ẹ̀yìn aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Téèpù alálẹ̀mọ́ funfun kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí kò kíyè sí lọ́jọ́ tó wọn àpótí náà, tí Joel fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí láti ọdún mẹ́wàá: DAD PLEASE DON'T TOUCH. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu baba, omi sì lé sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Máa bínú," ló sọ fún téèpù náà. Ó yọ káàdì tó ti gbó, ó ti tuntun bọ̀ ọ́ títí ó fi dún pàù, ó so wáyà iná mọ́ ọn, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń fa ti ilé onílé wò. Ó tàn án. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí. Kò fòyà, nítorí ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kẹrin nìyẹn.

Nígbà tó ti ṣe gbogbo ètò tí ẹ̀rọ náà ń bèèrè, ó ṣí fídíò. Èyíwùnmí jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀bẹ sókè, ọ̀bẹ náà sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gé kéèkì! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwòrán náà mọ́ débi pé ó rí ìyẹ̀fun ṣúgà lára ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ọládipúpọ̀ gbá ẹ̀yìn àga mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Fóònù dún nínú fídíò. Joel ni. Èyíwùnmí gbé e sí sípíkà, ó bi í pé kí ló jẹ lónìí, ó bá a wí pé kò sùn dáadáa, Joel sì kọ orin ọjọ́ ìbí fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú síbi fèrèsé. "Dádì ẹ wà níbí. Kí wọn."

Kámẹ́rà tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn. Ó dìde kó tó gba fóònù.

"Joel, báwo ni? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Fine, sir. Dádì, mo tiẹ̀ fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Ó dáa. Máa gbàdúrà o. Jẹ́ kí n fún mọ́mì ẹ."

Èyíwùnmí kò gba fóònù kíá. "Bàbá Joel, ọmọ yẹn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ o."

"Ìwọ bá a sọ ọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì padà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ọládipúpọ̀ dá fídíò dúró. Ó dá a padà, ó tún un wò, ó tún dá a dúró. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Káàdì náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́: ó fi ojú Èyíwùnmí hàn bó ṣe ń wo ọkọ rẹ̀, ó sì fi hàn pé ọkọ kò wo ojú náà. Òun tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án wọn ìbéèrè bí ẹni ń wọn oògùn, ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kò jẹ́ kó bi í.

Ó gbé fóònù. Ó wá nọ́ńbà Joel. Ó dúró pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Daddy?" ni Joel wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

Ìbéèrè yẹn gún baba lọ́kàn. "Kò sẹ́ni tó kú. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

"Ṣé káàdì náà ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo kàn pè láti kí ẹ ni."

Ọládipúpọ̀ gbọ́ òjò níbi tí ọmọ náà wà, kò sì gbọ́ ohùn ẹlòmíràn kankan níbẹ̀.

"Joel, lọ́jọ́ ìbí mọ́mì ẹ, nígbà tí wọ́n pé ọgọ́ta, o ní o fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Kí ni?"

"Mi ò rántí mọ́, Dádì."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń tán sí. Gbólóhùn tí a mọ̀ yẹn ti dé orí ahọ́n Ọládipúpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti ń sún fóònù kúrò létí díẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí Èyíwùnmí ti na ọwọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó dá fóònù padà sétí.

"Ó dáa," ló wí. "Bi mí ní òmíràn."

Òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí Joel wá sọ̀rọ̀, kì í ṣe òyìnbó ló sọ. Yorùbá tí ìyá rẹ̀ fi ń bi í léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló mú jáde, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Kí lẹ jẹ lónìí?"

Ọládipúpọ̀ fa àga, ó jókòó.